Bí Ohio State Ṣe Pàdánù Lẹ́ẹ̀mejì, Tí Wọ́n Ṣì Gba Ife Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Amẹ́ríkà

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, yunifásítì Michigan na Ohio State ní 13 sí 10, lórí pápá Ohio State fúnra wọn ní ìlú Columbus. Ìgbà kejì nìyẹn tí wọ́n máa fìdí rẹmi ní sáà náà. Wọn ò gba ife Big Ten, ìyẹn ọ̀wọ́ àwọn yunifásítì tí wọ́n wà nínú rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ dé àṣekágbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn yìí kan náà ló gbé ife gbogbo Amẹ́ríkà sókè ní Atlanta. Ẹni tójú rẹ̀ ti mọ́ líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù lópin sáà ti ń gbé ife, á ní irú ìṣirò wo rèé. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé tábìlì tí wọ́n ń lò kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ wọn.

Ká kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa eré fúnra rẹ̀, torí kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, bọ́ọ̀lù ìlànà Amẹ́ríkà (American football) ni. Èèyàn 11 ló máa ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pápá sì gùn tó 100 yáàdì láti ìlà ilé kan dé ìkejì. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti fi rin 10 yáàdì. Tó bá rìn ín, wọ́n á tún fún un ní mẹ́rin míì. Tí kò bá rìn ín, bọ́ọ̀lù di ti ẹnìkejì. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ilé alátakò ti gba touchdown, àmì 6. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì fún àmì 1, tàbí kí wọ́n tún gbìyànjú láti gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i fún àmì 2. Field goal, ìyẹn kí wọ́n fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó láti orí pápá, jẹ́ àmì 3. Quarterback ni olórí wọn: òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ti sáré lọ síwájú, tàbí kó fà á lé ẹni tó máa fẹsẹ̀ gbé e sá lọ́wọ́. Géńdé márùn-ún ló máa ń tò síwájú rẹ̀ láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó fẹ́ wá gbé e ṣubú. Ẹ fi àwọn géńdé márùn-ún yìí sọ́kàn, a máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Ní sáà 2024, ẹgbẹ́ 134 ló wà ní ìpele tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì, eré 12 péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá kí ìdíje gbogbogbòò tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí ẹgbẹ́ 134 ṣe lè bá ara wọn pàdé láàárín eré 12. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní conference. Àwọn tó lókìkí jù ni Big Ten, SEC, ACC àti Big 12. Kí orúkọ má tàn yín jẹ: yunifásítì 18 ló wà nínú Big Ten lọ́dún náà, 16 ló sì wà nínú Big 12.

Tábìlì àkọ́kọ́ ni ti conference. Nínú Big Ten, eré 9 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá àwọn ará ilé rẹ̀ gbá, àwọn méjì tó wà lókè sì pàdé ní àṣekágbá níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Oregon borí nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Indiana àti Penn State borí nínú 8, wọ́n pàdánù 1. Ohio State borí nínú 7, wọ́n pàdánù 2. Ẹ wá wò ó: Ohio State ti na Penn State 20 sí 13 nílé Penn State, wọ́n sì ti na Indiana 38 sí 15 ní Columbus. Méjì nínú àwọn mẹ́ta tó wà lókè wọn ni wọ́n ti nà. Tábìlì conference ò béèrè ẹni tí wọ́n nà, iye ìgbà tí wọ́n pàdánù ló ń kà. Bí Penn State ṣe lọ bá Oregon gbá àṣekágbá nìyẹn (Oregon ló gbà á, 45 sí 37), tí Ohio State sì jókòó sílé.

Tábìlì kejì ò ní àmì kankan nínú. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 ló ń ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, wọ́n máa ń jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á wo ẹni tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nà, ibi tó ti nà án, àti bí ẹni tó nà án ṣe lágbára tó, wọ́n á wá to ẹgbẹ́ 25 láti orí èkíní dórí ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èrò wọn ni. Nínú tábìlì yìí, ẹni tó pàdánù lẹ́ẹ̀mejì lè wà lókè ẹni tó pàdánù lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbìmọ̀ bá gbà pé ọ̀nà ti ẹni àkọ́kọ́ le jù. Lẹ́yìn gbogbo àṣekágbá conference, wọ́n fi Oregon sí ipò 1, Georgia 2, Texas 3, Penn State 4, Notre Dame 5, Ohio State 6, Tennessee 7, Indiana 8, Boise State 9.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù ni tábìlì kẹta, ìyẹn ètò ẹni tó máa pàdé ẹni nínú playoff, ìdíje ìgbẹ̀yìn tí ẹni tó bá pàdánù nínú rẹ̀ á lọ sílé. Láti sáà 2014 títí dé 2023, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ló ń wọ playoff. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì ti di èrò ìwòran; nínú ọdún mẹ́wàá yẹn, kò sí ọ̀kan tó wọlé. Sáà 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di 12, ọ̀nà tó wọ ọjà sì di méjì. Àwọn márùn-ún tí ipò wọn ga jù nínú àwọn tó gba ife conference wọlé tààrà. Àwọn méje yòókù gba ipò tí ìgbìmọ̀ fún wọn wọlé. Ọ̀nà kejì yìí ni Ohio State gbà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Clemson gbà, tó wà ní ipò 16 ṣùgbọ́n tó gba ife ACC. Alabama tó wà ní ipò 11 kò rọ́nà wọlé rárá.

Òfin kan tún wà lọ́dún náà tó da nǹkan rú: nọ́ńbà 1 sí 4 nínú ètò náà, àwọn tó máa sinmi ní ìpele àkọ́kọ́, àwọn tó gba ife conference nìkan ló lè wà níbẹ̀. Boise State fò láti ipò 9 bọ́ sí nọ́ńbà 3. Arizona State fò láti ipò 12 bọ́ sí nọ́ńbà 4. Gbogbo ẹni tó wà láàárín wá sún sẹ́yìn: Texas láti 3 sí 5, Penn State láti 4 sí 6, Notre Dame láti 5 sí 7, Ohio State láti 6 sí 8, Tennessee láti 7 sí 9. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tẹ́nì kan ní Ohio State jẹ́ kẹfà, tí ẹlòmíì ní wọ́n jẹ́ kẹjọ, àwọn méjèèjì ò parọ́. Tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà.

Oregon lọ̀rọ̀ yìí dùn jù, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Eré 13 ni wọ́n gbá láìpàdánù ẹyọ kan, àwọn nìkan sì ni irú ẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ 134. Nọ́ńbà 1 ni wọ́n. Ẹni tó bá wà ní nọ́ńbà 1 ló yẹ kó rí ọ̀nà tó rọrùn jù. Ẹni tó sì máa pàdé wọn ni ẹni tó bá borí láàárín nọ́ńbà 8 àti 9, tí wọ́n jẹ́ kẹfà àti keje lójú ìgbìmọ̀. Penn State tí Oregon ṣẹ̀ṣẹ̀ nà ní àṣekágbá Big Ten bá SMU tó wà ní ipò 10 pàdé, lẹ́yìn náà Boise State tó wà ní ipò 9. Ẹni tó pàdánù àṣekágbá rí ọ̀nà tó rọrùn ju ẹni tó borí lọ. Àṣìṣe gidi ni òfin yẹn, kò sì pé ọdún kan tí wọ́n fi yí i padà: láti sáà 2025, ipò tí ìgbìmọ̀ bá fúnni ni wọ́n fi ń to nọ́ńbà nínú playoff.

Ó yẹ ká wo àwọn ìgbà méjì tí Ohio State pàdánù yìí, torí àwọn ló ń sọ irú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́.

Èkíní wáyé lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹwàá nílé Oregon, 32 sí 31. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 10 kí eré parí, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Ohio State ní yáàdì 43 sí ilé Oregon. Tí wọ́n bá sún síwájú díẹ̀ sí i, field goal á yá. Oregon wá kó èèyàn 12 sórí pápá dípò 11. Will Howard, quarterback Ohio State, ju bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó mú un, aago sì ti jẹ ìṣẹ́jú àáyá 4. Ìjìyà èèyàn 12 jẹ́ yáàdì 5, wọ́n fún Ohio State, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá ìṣẹ́jú àáyá 4 yẹn padà. Ìṣẹ́jú àáyá 6 ló kù. Howard gbé bọ́ọ̀lù sá, ó fìdí wọ́ ilẹ̀ kó lè dá aago dúró, aago ti kú kó tó dúró. Yáàdì 5 ni Oregon fi ra ìṣẹ́jú àáyá 4, ọjà náà sì mú wọn borí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, NCAA tó ń ṣe òfin eré náà dí ihò yẹn: tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí eré ń parí lọ, ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ lè ní kí wọ́n dá aago padà.

Ọjọ́ yẹn náà ni Josh Simmons, tó ń dí ẹ̀gbẹ́ òsì Howard, fi orúnkún ṣèṣe, sáà ti parí fún un. Lóṣù Kọkànlá, Seth McLaughlin tó wà láàárín àwọn géńdé márùn-ún tún ṣèṣe níbi ìgbáradì. Méjì ti lọ nínú márùn-ún. Wọ́n ní kí Donovan Jackson kúrò ní ipò tó mọ̀ bọ́ sí ti Simmons, Carson Hinzman sì bọ́ sáàárín. Irú àtúntò yìí kì í rọrùn: ẹni tó wà láàárín ló ń ju bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ quarterback, òun náà ló sì ń ké sí àwọn yòókù pé ta ni kí wọ́n dí.

Lórí àwọn géńdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò jọ yìí ni wọ́n gbé eré Michigan kà. Nínú Michigan, Mason Graham àti Kenneth Grant, òkè ènìyàn méjì, ló dúró gẹ́lẹ́ láàárín. Ohio State fi àáké kọ́rí pé àárín yẹn náà ni àwọn máa gbé bọ́ọ̀lù gbà. Lọ́jọ́ náà látòwúrọ̀ ṣúlẹ̀, yáàdì 77 péré ni wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ní àwọn tó ń sá gba bọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Amẹ́ríkà: Jeremiah Smith, ọmọ ọdún 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, àti Emeka Egbuka, tó ní orúkọ Ìgbò, tí ìdílé bàbá rẹ̀ sì wá láti Nàìjíríà. Wọn ò jù ú sí wọn tó. Bọ́ọ̀lù méjì tí Howard jù bọ́ sọ́wọ́ Michigan, field goal méjì tó yẹ kó wọlé sì yẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 45, Michigan gbá field goal kan wọlé. Ọdún kẹrin léra nìyẹn tí Michigan ń nà wọ́n. Nígbà tí eré parí, ó di bó o lọ o yà láàárín pápá nítorí àsíá Michigan tí wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì fín tajútajú. Àwọn olólùfẹ́ Ohio State ń pariwo pé kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Ryan Day lọ.

Ní ètò ẹlẹ́ni mẹ́rin, ibẹ̀ ni ìtàn á ti parí. Ètò ẹlẹ́ni 12 fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún ara wọn ṣe, wọ́n sì lò ó dáadáa. Ryan Day àti Chip Kelly, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù, fi àárín sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù jìnnà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Tí alátakò bá ti bẹ̀rù Smith àti Egbuka, wọ́n á sún sẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti sún sẹ́yìn, àárín á ṣí fún TreVeyon Henderson àti Quinshon Judkins láti fẹsẹ̀ gbé e. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n kàn yí èyí tó ń ṣáájú padà ni.

Tennessee ló kọ́kọ́ rí i, lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ní Columbus. Kó tó di òpin ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ti di 21 sí òdo. Ó parí sí 42 sí 17. Lọ́jọ́ kìíní ọdún, wọ́n tún pàdé Oregon ní Rose Bowl, ìpele kejì playoff. Ẹgbẹ́ tó fi àmì kan nà wọ́n lóṣù Kẹwàá ni wọ́n ń nà ní 34 sí òdo kí ìdajì eré tó pé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n gbé quarterback Oregon ṣubú. 41 sí 21.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sinmi ní ìpele àkọ́kọ́ ló pàdánù eré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ìsinmi ló pa wọ́n. Àlàyé yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dúró. Arizona State àti Boise State pàdé àwọn tí ipò wọn ga jù tiwọn lọ fíìfíì. Quarterback Georgia ti fara pa ní àṣekágbá SEC, ẹlòmíì ló sì rọ́pò rẹ̀. Oregon nìkan ló ṣòro láti ṣàlàyé, Ohio State ló sì bá wọn pàdé.

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kìíní, ní Cotton Bowl, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, Texas fi ohun tó yẹ kí Oregon ṣe hàn. Wọ́n fi èèyàn méjì ti Smith ní gbogbo ìgbà. Bọ́ọ̀lù ẹyọ kan ló rí mú, yáàdì 3. Ohio State fi ìyẹn sílẹ̀, wọ́n wá ọ̀nà míì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 29 kí ìdajì eré pé, Howard jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ wá gbé e ṣubú sáré kọjá ibi tí wọ́n yẹ kí wọ́n dúró, ó wá rọra ju bọ́ọ̀lù kékeré kan gba orí wọn sí Henderson, àwọn géńdé tó ń dí ọ̀nà sì ti ṣáájú rẹ̀. Yáàdì 75 ló sá, kò dúró àfi inú ilé.

Nígbà tí eré ń parí lọ, ó ti di 21 sí 14, Texas sì gbé bọ́ọ̀lù dé yáàdì 1 sí ilé Ohio State, pẹ̀lú àǹfààní mẹ́rin lọ́wọ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ mọ eré yìí gbọ́dọ̀ wò dáadáa. Àkọ́kọ́, wọ́n gbé e wọ àárín, kò sún. Ìkejì, dípò kí wọ́n tún tì í wọ àárín, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó máa sá yípo. Àwọn Ohio State ti dé ibẹ̀ ṣáájú, wọ́n tì í padà ní yáàdì 7. Yáàdì 1 ti di 8. Ìkẹta, wọ́n jù ú, kò bọ́ sí i. Ìkẹrin, Quinn Ewers gbé ọwọ́ sókè láti jù ú, Jack Sawyer ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbọn bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ta bọ́ sọ́wọ́ Sawyer fúnra rẹ̀, ó sì gbé e sá yáàdì 83 dé ilé Texas. 28 sí 14. Ewers ti fìgbà kan wà ní Ohio State lọ́dún 2021, yàrá kan náà lòun àti Sawyer sì ń gbé.

Ní àṣekágbá, Notre Dame ló kọ́kọ́ dé bí alágbára. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejìdínlógún láìfi sílẹ̀, wọ́n jẹ ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 45, wọ́n gba touchdown. Ìgbà mẹ́rin tí bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé e bọ́ sọ́wọ́ Ohio State, touchdown mẹ́rin. Howard ju bọ́ọ̀lù 13 àkọ́kọ́ láìsí èyí tó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, ó ti di 31 sí 7.

Notre Dame padà wá o. Touchdown, àmì 2 lé e: 31 sí 15. Wọ́n wá dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ku yáàdì 9, ìgbà kẹrin ni, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn Marcus Freeman sì yan field goal. Bọ́ọ̀lù kọlu òpó, kò wọlé. Yíyàn yẹn ò dáa, ká tilẹ̀ ní ó wọlé: àmì 16 ni wọ́n fi wà lẹ́yìn, touchdown méjì pẹ̀lú àmì 2 méjì ló lè pa á rẹ́, tí wọ́n bá sì yọ 3, ó ku 13, touchdown méjì náà ni wọ́n ṣì ń wá. Wọ́n rí ọ̀kan lẹ́yìn náà, pẹ̀lú àmì 2: 31 sí 23.

Ó wá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohio State wà ní àǹfààní kẹta, yáàdì 11 ló kù fún wọn láti rìn. Tí wọn ò bá rìn ín, bọ́ọ̀lù á padà sọ́wọ́ Notre Dame, touchdown kan pẹ̀lú àmì 2 á sì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá á gbé e sá láti jẹ aago. Notre Dame náà rán èèyàn púpọ̀ wá sọ́dọ̀ Howard, ìyẹn ni pé wọ́n fi ẹnì kan ṣoṣo ti Smith. Howard jù ú jìnnà. Smith mú un, yáàdì 56. Field goal tẹ̀ lé e, 34 sí 23, ó parí. Ẹgbẹ́ tó kọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù sí Smith lọ́jọ́ Michigan fi gbogbo sáà lé e lọ́wọ́ ní Atlanta.

Ẹgbẹ́ yẹn ò ṣẹ̀dá ara rẹ̀ lásán. Howard wá láti Kansas State, Judkins láti Ole Miss, Caleb Downs tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn láti Alabama. Òfin ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè báyìí láti ṣí lọ sí yunifásítì míì kí wọ́n sì máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ọdún 2021, wọ́n tún lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn. Ross Bjork tó ń darí ẹ̀ka eré ìdárayá Ohio State sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là ló lọ sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù sáà náà. Ṣùgbọ́n Sawyer, Egbuka, Henderson àti Jackson ti wà níbẹ̀ tipẹ́; wọ́n lè ti lọ sí NFL, líìgì àwọn tó fi eré náà ṣiṣẹ́ ṣe, lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n kọ̀, wọ́n dúró. Nígbà tí NFL ṣa àwọn tuntun lóṣù Kẹrin 2025, 14 nínú wọn ló jẹ́ ti Ohio State.

Ife ti dé, ṣùgbọ́n ní Columbus, gbèsè Michigan kì í ṣe ohun tí ife ń san. Ó di ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ní Ann Arbor, nílé Michigan, kí wọ́n tó san án: 27 sí 9.